Mo fẹ́, ó wù mí, mi ò fẹ́

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí ìbínú tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ "the rain wants to fall" sínú àròkọ. Báírò pupa ló máa fi fà á tu. Èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ níbí ní Mọ́nátán, àwọn tó ń múra Wáẹ̀kì ló pọ̀ jù nínú wọn, bí mo bá sì ti rí gbólóhùn yẹn mo máa ń fa ìlà sábẹ́ ẹ̀ ni torí ẹni tó máa máàkì ìwé wọn níbi tí wọ́n ń lọ ò ní ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ọmọ yẹn ti gbé e wá. Òjò fẹ́ rọ̀. Kí ló tún kù tó fẹ́ kó sọ?

Ìwé gírámà á ní òjò ò ní ọkàn, òjò ò ní inú, báwo ló ṣe máa wá fẹ́ nǹkan. Ó dáa. Ilé tó fẹ́ wó ńkọ́? Epo ọkọ̀ tó fẹ́ tán? Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn tó fẹ́ ṣubú, tí gbogbo ilé á pariwo "ẹ dì í mú", ṣé ọmọ yẹn ló jókòó tó rò ó pé ìṣubú wu òun ni? Ohun tó ti sún mọ́ ṣíṣẹlẹ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀, fẹ́ la fi ń sọ ọ́, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan tó máa ronú lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́ ọ yé.

Kò tiẹ̀ yẹ kí àwọn Òyìnbó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí rárá. "Will" tí wọ́n fi ń sọ ohun tó ń bọ̀ lọ́la yẹn, fẹ́ lòun náà tẹ́lẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí èèyàn bá ní òun "will" nǹkan, ó ń sọ pé òun fẹ́ ẹ ni, títí dòní sì ni, tí ará Jámánì bá ní "ich will", "mo fẹ́" ló ń wí, kì í ṣe "màá". Àwọn elédè Swahili, "taka" ni wọ́n ń pe fífẹ́, ara ẹ̀ náà sì ni wọ́n ti yọ "ta" tí wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú. Pidgin tiwa ò kúkú jìnnà, "rain wan fall", ẹ wọ takisí Máíkírà ní Ìwó Road nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, ẹ máa gbọ́ ọ ní èdè méjèèjì lẹ́nu dírẹ́bà kan ṣoṣo kẹ́ ẹ tó sọ̀.

Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù nípa "want" ni pé kì í ṣe pé nǹkan wu èèyàn ló ń jẹ́ látilẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Viking ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá ja ìlú wọn lólè láti ìhà Norway àti Denmark, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wá jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń bá wọn gbé. "Vanta" ni wọ́n ń pè é, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé nǹkan ò sí, pé nǹkan ò pé. Nǹkan bí ọdún 1200 ló ti wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di ìgbà tí ọdún 1700 ti wọlé kí wọ́n tó máa fi sọ pé nǹkan wu àwọn. Ẹ ṣírò ẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún ni "want" fi jẹ́ àìní lásán.

Ìdí nìyẹn tí Sáàmù kẹtàlélógún fi ń da àwọn ọmọdé láàmú. Nínú Bíbélì King James, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1611, "I shall not want" ló wà níbẹ̀. Ẹ lọ sí Sunday school ibikíbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn yìí, ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́fà kan jáde kó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, á ní Olúwa ni olùṣọ́-àgùntàn òun, òun ò sì fẹ́ ẹ. Á tún sọ ọ́ tagbáratagbára, á di ọwọ́ mọ́ àyà! Ẹni tó bá ka ti Yorùbá ò lè ṣì í gbọ́ láéláé, "èmi kì yóò ṣe aláìní", ó tán. Bíbélì Yorùbá pé odindi ní 1884, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ló ṣíwájú iṣẹ́ náà, èmi sì gbà pé àwọn èèyàn yẹn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ọ̀pọ̀ àwa tá a ní dìgírì lọ. Ẹ tún lọ wo ìwé Dáníẹ́lì, ibi tí ọwọ́ kan ti kọ̀wé sára ògiri níwájú ọba tó ń mutí, Gẹ̀ẹ́sì ní wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé ó "wanting", Yorùbá ní ìwọ kò sì tó. Kò tó! Ìyá tó ń fi kóńgò wọn gàrí ní Bódìjà ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò tíì kúrò lẹ́nu wọn o. January 1941, Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà dìde níwájú àwọn aṣòfin wọn, ó ka òmìnira mẹ́rin tó yẹ kí gbogbo aráyé ní, "freedom from want" sì jẹ́ ọ̀kan, kì í ṣe pé ó ń sọ pé kí nǹkan má wu èèyàn mọ́, ebi àti ìṣẹ́ ló ń bá wí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, William Beveridge náà kọ ìwé fún ìjọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó ka òmìrán márùn-ún tí wọ́n ní láti bá jà, "Want" wà lára wọn. Irú ìjà yẹn náà la rí níbí nígbà tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú Western Region, January 1955 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn bàbá wa kan tó ti dàgbà kọjá ọmọ primary wan tún bá wọn wọ kíláàsì. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó ṣe é, Action Group tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951, ẹ ò rántí orúkọ tí wọ́n ń fi Yorùbá pè é? Ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re. Fẹ́ méjì ló wà nínú orúkọ kan ṣoṣo yẹn: ó fẹ́ ẹ, ó sì tún fẹ́ ire fún ẹ. Àìní làwọn yẹn ń lé jáde, ìfẹ́ làwọn tiwa fi sórúkọ. Mi ò mọ èyí tó dùn jù létí àwọn olùdìbò nígbà náà, tiwa ló dùn létí tèmi.

Ti ọlọ́pàá ò gba àkókò. Wọ́n á ní àwọn ti "declare" lágbájá "wanted", rédíò á túmọ̀ ẹ̀ pé wọ́n ń wá a. Kò sí oníròyìn tó jẹ́ sọ pé ọlọ́pàá fẹ́ ẹ, àfi tó bá jẹ́ pé ìyàwó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Àwa ti pín in ní tiwa. Ohun tí mo bá máa ṣe, mo fẹ́ ṣe é. Ọkùnrin tí mo bá máa bá délé, mo fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ mi, àfẹ́sọ́nà ni kó tó dọkọ. Ṣùgbọ́n ohun tó kàn ń fa ọkàn mi lásán, bóyá mo máa rí i o, bóyá mi ò ní rí i, ó ń wù mí ni. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tò. Èmi kọ́ ló ń wu nǹkan, nǹkan ló ń wù mí, òun ló wà níwájú, òun ló ń ṣiṣẹ́, èmi wà lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí mi. Ebi náà ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí, oorun ń kùn mí, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí, àárò ẹ ń sọ mí. Òyìnbó á ní "I want to sleep" bí ẹni pé òun ló jókòó pinnu ẹ̀, ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Challenge lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán mọ̀ pé oorun ló wá ká òun mọ́bẹ̀.

Ẹ jẹ́ n fi àmàlà ṣàlàyé, torí Ìbàdàn la wà. Aago kan ọ̀sán, wọ́n bi gbogbo ọ́fíìsì bóyá wọ́n fẹ́ jẹun, ẹnì kan ní òun ò fẹ́, ó ní òun ń ṣọ́ ohun tóun ń jẹ, òun mu tíì láàárọ̀. Ó kàn ní òun á sìn yín débẹ̀ ni, torí kóun lè na ẹsẹ̀. Ẹ dé ibẹ̀, ìyá olóúnjẹ ṣí kúlà, ooru jáde, ó ki ìgbakọ bọ omi, ó gé àmàlà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan lórí ìgbakọ kó lè dán, ó jù ú sábọ́, ó bu gbẹ̀gìrì lé e, ó fa ewédú lé e lórí títí okùn ewédú fi já, ó wá fi ọbẹ̀ ata sí àárín, ó gbójú sókè, ó ní "ẹran ńkọ́?" Ẹ wo ojú ẹni tí kò fẹ́ jẹun yẹn. Kò tíì yí èrò ẹ̀ padà o, kò pinnu nǹkankan, ẹnu ẹ̀ ló kàn ṣí tó gbọ́ tí ẹnu ọ̀hún ń sọ pé "ẹ fi ṣàkì méjì sí i, àti ìfun". Tẹ́ ẹ bá bi í, á ní kò wu òun tẹ́lẹ̀, ìgbà tóun débẹ̀ ló wu òun. Mo gbà á gbọ́.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ náà ti wá ń sọ irú ẹ̀. Kent Berridge, tó ń kọ́ni nípa ọpọlọ àti ìhùwàsí ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi eku ṣèwádìí. Nǹkan kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine, ohun tí gbogbo èèyàn gbà tẹ́lẹ̀ ni pé òun ló ń jẹ́ kí nǹkan dùn mọ́ wa. Wọ́n wá mú un kúrò lọ́pọlọ eku, wọ́n kán omi ṣúgà sí i lẹ́nu, eku ṣì ń lá ẹnu bí èyí tó ń gbádùn ẹ̀, dídùn ò lọ síbì kankan. Ohun tó lọ ni pé kò ní dìde lọ wá a mọ́. Oúnjẹ á wà níwájú ẹ̀, á jókòó tì í, tí wọn ò bá fi bọ́ ọ lẹ́nu, ebi á pa á kú síbẹ̀. Ìyẹn ni pé ibi tí nǹkan ti ń wù wá lọ́pọlọ yàtọ̀ sí ibi tó ti ń dùn mọ́ wa, ọ̀kan lè máa ṣiṣẹ́ kí èkejì ti sùn lọ. Ẹ wo bá a ṣe ń fi àtàńpàkò fa fóònù lóru, iná ti lọ, bátìrì ku díẹ̀, ohun tá à ń wò ò dùn mọ́ wa láti bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ọwọ́ ò sì kúrò níbẹ̀. Ó ń wù wá, kò dùn mọ́ wa. Gbólóhùn tó ṣeé sọ ni lédè wa, kò sì ta kora.

Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú òwe yẹn ni pé kò bá bàbá olóògbé wí. Kò ní ahun ni, kò ní ọ̀bùn ni, aṣọ ò wù ú ni, ẹrú ló wù ú. Ìbàdàn kún fún irú wọn dòní. Ẹ máa rí ẹni tó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Àkóbọ̀, sálúbàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sì máa rí ẹni tó háyà yàrá kan ní Bẹẹrẹ tí léèsì ẹ̀ kún àpótí débi pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò gba nǹkan mọ́, kò sí aṣọ ẹbí tó máa kọjá ẹ̀ láé. Àwọn méjèèjì á máa wo ara wọn pé orí ẹnì kejì ò pé. Èmi ò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù sí mi kì í ṣe inú ìwé atúmọ̀ èdè. Pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tá a ní fún kí nǹkan wu èèyàn, wọ́n kọ́ wa láti kékeré pé ká má jẹ́ kó hàn lójú wa. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ ojú ìyá ẹ̀. Ẹ lọ kí wọn nílé kan ní Òkè-Àdó, wọ́n gbé ìrẹsì wá, ẹran adìyẹ wà lórí ẹ̀, wọ́n ní "ọmọ mi, wá jẹun", o ò ní wo ìrẹsì, ojú ìyá ẹ lo máa wò. Tó bá wo ẹ̀gbẹ́ kan pẹ́nrẹ́n, o máa ní "mo ti yó, mà, ẹ ṣé, mà", ikùn ẹ á sì máa pariwo. Onílé náà mọ̀ pé irọ́ ni. Á tún ní "rárá o, mi ò gbọ́ ìyẹn", ìyá ẹ á ní "ẹ dá a lóhùn jàre, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun nílé ni", onílé á ní àfi kó jẹ ẹ́, ìgbà tó bá tó bí ẹ̀ẹ̀kẹta ni ìyá ẹ á wá ní "ó dáa, gbà á, kí lo máa sọ?" Ẹni tó bá gbà á nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, ojúkòkòrò ni wọ́n máa pè é títí wọ́n á fi délé, ìfọ́tí sì lè tẹ̀ lé e.

Nínú ọjà ló ti wá di iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo aṣọ òkìrìkà, kí là ń pè é? Bọ́síkọ̀rọ̀. Bọ́ sí kọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má rí ẹ níbi tí nǹkan olówó pọ́ọ́kú ti ń wù ẹ́.

Mọ́mì mi lọ̀gá pátápátá nídìí kíkó ìwù mọ́ra. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ Gbági, ti tuntun tó wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè sọ, ẹ wò wọ́n. Àǹkárá kan wà tí wọ́n ti rí láti òkèèrè, aláwọ̀ búlúù pẹ̀lú òdòdó kéékèèké, mo mọ̀ torí ẹsẹ̀ wọn yí díẹ̀. Wọn ò lọ ibẹ̀. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó rí wúruwùru, òun ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. "Èló nìyí?" Wọ́n gbọ́ iye ẹ̀, wọ́n yínmú, wọ́n gbé e sílẹ̀. Wọ́n gbé òmíràn. Wọ́n bi ìyá aláṣọ léèrè àwọn ọmọ ẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti tutù pátápátá ni wọ́n wá fi ìka méjì gbé etí búlúù yẹn, bí ẹni pé ẹlòmíì ló rán wọn níṣẹ́.

"Èyí tẹ́ ẹ kó sí ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Há, ìyẹn, ojúlówó ni mà. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ni, yáàdì mẹ́fà."

"Kò sí èyí tí àwọ̀ ẹ̀ fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju báyìí lọ?"

"Kò sí, mà. Ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀. Èló lẹ fẹ́ san?"

"Ẹ gba mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú ọjà! Mi ò tiẹ̀ rà á bẹ́ẹ̀. Ẹ fi kún un."

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ìkẹyìn ti la ẹnu. "Mọ́mì, ó mà rẹwà o! Èyí tẹ́ ẹ ń wá kọ́ yìí?"

Ojú ìyá aláṣọ tàn. Kò rẹ́rìn-ín o, ó kàn tún àǹkárá yẹn ká dáadáa, ó gbé e lé itan, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún lòun máa gbà jálẹ̀. A sọ ọ́ títí, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ìrìn tí wọ́n máa ń rìn lọ́jà yẹn, ẹsẹ̀ ń lọ, etí wà lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó pè wá padà. Mọ́mì lọ san mẹ́rìndínlógún. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ wá sí Mọ́nátán wọn ò bá a jà, wọ́n kàn ní ẹnu ẹ yẹn, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló jẹ nínú owó mi lónìí, torí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ni wọ́n ti fojú sùn kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Wọ́n tún ní lọ́jọ́ mìíràn tí nǹkan bá wù ẹ́ kó o máa wo òkè.

Mo gbádùn nǹkan wọ̀nyí, mi ò ní purọ́. Tíátà ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń ta nǹkan mọ eré yẹn, àwa tá à ń rà mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó tan ẹnì kejì jẹ. Ibi tí inú ti ń bí mi ni ìgbà tí àwọn èèyàn bá mú ìwà Gbági lọ síbi tí kò ti sí aṣọ.

Ọmọ bùọ̀dá mi kan wà ní Poly, ó ń fi gbogbo ìgbà wá sọ́dọ̀ mi torí ó mọ̀ pé oúnjẹ wà. Ọmọbìnrin kan ló wù ú ní dìpátímẹ́ǹtì wọn. Ó lọ bá a, ó sọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, ìyẹn ní mi ò fẹ́. Ó tún fi WhatsApp sọ ọ́, ìyẹn tún ní mi ò fẹ́, ẹ ṣé. Kí ni ọmọ wa wá ń ṣe? Ó ń ra data ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ, ó ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un ni.

"Àǹtí, ó ń ṣe fọ́ọ̀mù ni. Àwọn obìnrin kì í kọ́kọ́ gbà. Àṣà wa náà ni."

Àṣà wa. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin nígbà kan pé kí wọ́n má tètè dáhùn, kí wọ́n má ba à dà bí ẹni tí kò níyì, òótọ́ sì ni pé ọkùnrin á máa rán alárinà, alárinà á lọ á bọ̀, á máa gbọ́ "ẹ jẹ́ n rò ó wò". Ṣùgbọ́n kí lorúkọ ohun tí wọ́n ń dúró dè láti gbogbo ìgbà yẹn? Ìṣíhùn. Àwọn kan ń pè é ní ìjọ́hẹn. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣí ohùn ẹ̀ tó ní hẹn-ẹn, òun gbà, ọkùnrin á mú owó ìṣíhùn jáde, inú alárinà á dùn, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó lè ronú ìtọrọ, tí ìdána á wá tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan máa ń fi tipátipá fa ọmọ fún ẹni tí wọ́n fẹ́, mi ò ní kó gbogbo ayé àtijọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ó dáa. Mo kàn ń sọ pé tó bá jẹ́ àṣà lo fẹ́ bá mi fà á, inú àṣà yẹn gan-an lohùn ọmọbìnrin wà, wọ́n sọ ayẹyẹ kan lórúkọ ẹ̀, wọ́n tún náwó lé e lórí. Èyí tí ìwọ ń bá kiri yìí ti ṣí ohùn tiẹ̀. Ó ṣí i lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò fẹ́ ló sọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní ṣùgbọ́n èmi náà, ìgbà tóun ra àkàrà wá lọ́jọ́ yẹn, ṣebí mo ní mi ò jẹ, ìgbà tóun máa fi jáde láti balùwẹ̀ ó ku méjì.

Mo ní àkàrà nìyẹn. Èmi ni mo ní mi ò jẹ, èmi náà ni mo tún yí ọ̀rọ̀ mi padà, kò sẹ́ni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì dè mí. Tí ọmọbìnrin yẹn bá yí tiẹ̀ padà lọ́jọ́ kan, ó ní nọ́ńbà ẹ, ó ní ẹnu, á sọ. Tí kò bá sì sọ, ó ti dáhùn.

Ó ní ọkàn òun ò lè kúrò níbẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó ń wu òun gan-an. Mo gbà, kò sẹ́ni tó ní kó má wù ú. Ó béèrè pé gbogbo data tóun ti rà ránṣẹ́ yẹn wá ńkọ́. Mo ní kó gbàgbé ẹ̀, kó yé dúró sẹ́nu ọ̀nà ọmọ ọlọ́mọ, kó dìde fọ abọ́ tó fi jẹun, kó lọ kàwé, ìdánwò wọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀.